5882353 Lójú Pátákó

Àárín oko bíìtì, ohun ọ̀gbìn tí gbòǹgbò rẹ̀ ṣeé jẹ, ni wọ́n bí Stefania Vovk sí, ní abúlé kan ní ilẹ̀ Yukréènì, nígbà tí ogun ńlá kù díẹ̀ kó dé. Bàbá rẹ̀ a máa sin oyin. Ó bá ogun lọ, kò sì padà. Ìyá rẹ̀ ló tọ́ ọ, obìnrin tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀ nínú bíìtì wíwú fún oko ìjọba, tí kì í sì í sọ ju gbólóhùn kan ṣoṣo lọ lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ọmọ rẹ̀. A máa ní, "Máa kàwé ẹ lọ, ẹrẹ̀ ò ní sá kúrò níbí." Stefania kàwé. Ó di olùkọ́ ìṣirò ní abúlé mìíràn tó tún jìn sínú ju tiwọn lọ, ibẹ̀ sì ni òun àti nọ́ḿbà kan ti pàdé, bí àwọn ẹlòmíràn ṣe ń pàdé ọkọ.

Òjò dídì ló dí ọ̀nà lọ́jọ́ náà tí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kò fi lè relé. Ẹkún ti ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn kíláàsì. Kí ọkàn wọn lè kúrò lára ilé, Stefania ní kí wọ́n fi mẹ́tàdínlógún pín ẹyọ kan, kí wọ́n má sì dúró àfi bí ìṣirò náà bá dúró fúnra rẹ̀. Kò dúró. Odo kan jáde, lẹ́yìn rẹ̀ 588235294117647, lẹ́yìn náà ni gbogbo rẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ láti orí bí ìkòkò ń yí po lọ́wọ́ amọ̀kòkò. Inú àwọn ọmọ dùn, wọ́n gbàgbé ẹkún. Olùkọ́ wọn ni kò gbàgbé. Nígbà tí ó yá, ó gé àwọn nọ́ḿbà náà sí méjì ọgbọọgba, ó ro apá kan mọ́ èkejì, ó rí i pé kìkì mẹ́sàn-án ló tò kalẹ̀. Ó fi ẹyọ kan kún apá àkọ́kọ́, ó wá di 5882353. Ó fi mẹ́tàdínlógún sọ ọ́ di púpọ̀, ó rí 100000001: ẹyọ kan lápá òsì, ẹyọ kan lápá ọ̀tún, odo ló kún àárín.

Kò tíì tán. Ó tún gé 5882353 fúnra rẹ̀ sí méjì, 588 lọ́tọ̀, 2353 lọ́tọ̀. Ó ṣe 588 lọ́nà 588, ó ṣe 2353 lọ́nà 2353, ó ro wọ́n pọ̀, nọ́ḿbà tó gé náà ló tún dìde sí i lójú, 5882353, láìdín, láìlé. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn gé ejò sí méjì tí ejò náà sì ń rìn lọ. Ní ìgbẹ̀yìn, ó yẹ̀ ẹ́ wò títí ó fi dá a lójú pé kò sí nọ́ḿbà kankan, yàtọ̀ sí ọ̀kan àti òun fúnra rẹ̀, tó lè pín in kí nǹkan má ṣẹ́kù. Àwọn oníṣirò a máa ka irú nọ́ḿbà aláìṣeépín bẹ́ẹ̀ sí àgbà. Stefania ka tirẹ̀ sí ẹbí.

Àwọn ọdún kọjá. Ó kúrò ní abúlé, ó tún kàwé sí i, ó di olùkọ́ kékeré ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ní ìlú ńlá etí odò. Òun àti ìyá rẹ̀ ń gbé yàrá kan nínú ilé tí wọ́n ti ń bá ìdílé méjì mìíràn du ilé ìdáná. Olórí ẹ̀ka ti ṣèlérí ilé tiwọn fún un, ó sì ti pẹ́ tó ti ń ṣèlérí náà.

Àṣìṣe rẹ̀ àkọ́kọ́ ni pé ó sọ nípa nọ́ḿbà náà níta. Nínú yàrá tí wọ́n ti ń mu tíì ló ti sọ ọ́, fún Rostyslav Denysovych Bilyk, ọkùnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tí wọ́n mọ iṣẹ́ rẹ̀ títí dé ilẹ̀ òkèèrè, tó sì lè máa wá awò ojú rẹ̀ kiri nígbà tó jẹ́ pé orí imú rẹ̀ ló wà. Bilyk gbàgbé tíì rẹ̀ títí ó fi tutù. Ó ní kó tún ti 588 àti 2353 ṣe lójú òun, ó rẹ́rìn-ín bí ọmọdé, ó sì kọ nọ́ḿbà náà sára páálí sìgá rẹ̀. Ìyìn ni Stefania rò pé òun ń fi kún un nígbà tó ní, "Ẹni tí kò bá mọ àṣírí ẹ̀, ó lè fi odindi ọ̀sẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò kó má rídìí ẹ̀." Bilyk fi páálí sìgá náà sápò.

Oṣù keje dé, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ìdánwò àfẹnuṣe fún àwọn tó fẹ́ wọlé. Ohun kan wà tí gbogbo ènìyàn mọ̀ nípa ìdánwò yìí tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀. Olórí ẹ̀ka a máa sọ ọ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, pẹ̀lú ọwọ́ léjìká ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀: pé àwọn orúkọ ìdílé kan wà, orúkọ àwọn ọmọ Júù, tí kò yẹ kó pọ̀ jù lára àwọn tí a óò gbà. Nítorí náà, bí ọmọ tó ń jẹ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ bá ti dáhùn ìbéèrè inú ìwé pélébé tó fà lórí tábìlì, wọ́n á tún bi í ní òmíràn, èyí tó kúrú, tó rọrùn lójú, tó sì lè gbẹ̀mí àgbàlagbà. Àwọn ọmọ fúnra wọn ló sọ ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ní pósí. Stefania ti jókòó ti pósí rí gẹ́gẹ́ bí olùdánwò kejì. Ó ti buwọ́ lùwé. Ohun tó ń sọ fún ara rẹ̀ ni pé òun kọ́ ló bi ọmọ náà léèrè.

Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, Bilyk ni olórí tábìlì, Stefania sì ni olùdánwò kejì; ooru mú, wọ́n ṣí fèrèsé sílẹ̀, òwú igi pópúlà sì ń fò wọlé, ó ń bà lórí ìwé. Genya Plotkina ló wọlé, ọmọbìnrin kan tí orúkọ rẹ̀ wà lára irú àwọn orúkọ bẹ́ẹ̀. Ó kéré, irun rẹ̀ gùn, ó di í sẹ́yìn, ago ọwọ́ ọkùnrin ló so mọ́wọ́, ó sì ń tiro díẹ̀. Stefania mọ ohun tó ń mú un tiro: owó ẹyọ kópẹ́ẹ̀kì márùn-ún tó fi sábẹ́ gìgísẹ̀ nínú bàtà, kí ìdánwò lè gbè é. Òun náà fi sí i nígbà tirẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ bó.

Bilyk bi ọmọ náà léèrè ilé, ohùn rẹ̀ tutù bí ti ará ilé. Genya ní láti ìlú Mozyr ni òun ti wá, onígbàjámọ̀ ni bàbá òun. Bilyk ní tí ìdánwò bá wá kọ̀ ńkọ́. Ọmọ náà ní àbúrò ìyá òun ti bá ọ̀gá kan sọ̀rọ̀ ní ilé iṣẹ́ bàtà, àyè òun ń dúró níbẹ̀, ọjọ́ Ajé ni òun yóò bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà. Kò fi ohùn ẹ̀bẹ̀ sọ ọ́. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé òjò ń bọ̀.

Márùn-ún ni máàkì tó ga jù níbẹ̀, méjì sì ni ti ẹni tó fìdí rẹmi. Pẹ̀lú ohun tí Genya ti gbà nínú ìdánwò àkọsílẹ̀, mẹ́rin ló nílò lọ́wọ́ àwọn méjèèjì yìí. Mẹ́ta kò ní gbé e wọlé.

Ó dáhùn ìbéèrè tó fà, ó dáhùn rẹ̀ dáadáa, kò fi ohunkóhun sílẹ̀ tí ènìyàn lè di mú. Bilyk mi orí, ó ní ó dára, ó ku ìbéèrè kékeré kan. Ó dìde, ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó sì fúnra rẹ̀ kọ ọ́ gàdàgbà sójú pátákó: 5882353.

"Ṣé nọ́ḿbà yìí ṣe é pín, àbí kò ṣe é pín? Fi ẹ̀rí ẹ hàn. Má kánjú, a wà níbí títí di àsìkò oúnjẹ."

Ojú Stefania rí i bí ìyá ṣe ń rí aṣọ ọmọ rẹ̀ lọ́rùn olè. Ó yíjú sí Bilyk. Bilyk ń nu awò ojú rẹ̀.

Ọmọ náà kọjú sí pátákó, ó kẹ̀yìn sí wọn. Kò kọ nǹkan kan. Ó dúró bẹ́ẹ̀, ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́, orí rẹ̀ tẹ̀ díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Ọkọ̀ tíráàmù kọjá nísàlẹ̀, fèrèsé gbọ̀n, ó tún dákẹ́.

"Ṣé ẹyin lo sàba lé ni?" Bilyk béèrè nígbà tó ṣe díẹ̀.

"Mo ń ronú, sà," ni ọmọ náà wí, kò yíjú padà.

Stefania mọ kọ́kọ́rọ́ náà. Ọ̀rọ̀ kan péré ni: mẹ́tàdínlógún. Ẹni tó bá ti lè fi mẹ́tàdínlógún sọ ọ́ di púpọ̀, tó rí 100000001, ìlẹ̀kùn ti ṣí fún un. Yóò rí i pé nọ́ḿbà aláìṣeépín tó bá máa lè pín 5882353 gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí, bí a bá fi mẹ́rìndínlógún pín òun náà, ẹyọ kan ni yóò ṣẹ́kù. Kò sì sí ìdí láti yẹ èyí tó bá ju 2425 lọ wò, nítorí pé nọ́ḿbà náà kò tó 2426 lọ́nà 2426. Dípò ọgọ́rọ̀ọ̀rún nọ́ḿbà, bí ogójì ni yóò kù láti dán wò, ìyẹn kò sì ju agbára ọmọ tó mọ ìṣirò lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá rí mẹ́tàdínlógún, inú igbó ló wà.

Òfin gba olùdánwò láàyè láti bi ọmọ ní ìbéèrè atọ́nà kan. Wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé pé a tọ́ ọ sọ́nà, wọ́n á sì yọ ọ́ lára máàkì rẹ̀. Stefania ṣírò rẹ̀ nínú: márùn-ún, yọ ẹyọ kan, ó ku mẹ́rin; mẹ́rin sì tó. Ó wo ẹ̀yìn ọmọ náà, ejìká kékeré méjì tí kò mira. Ó wo Bilyk tó ti ń wo ago. Ó ní, "Ọmọ, ṣé o ti gbìyànjú àtifi mẹ́tàdínlógún sọ ọ́ di púpọ̀?"

Genya yíjú padà. Kò sí ọpẹ́ kankan lójú rẹ̀. Bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun ló rí.

"Mo ti ṣe é," ó wí. "Mo ti ṣe é tipẹ́. Ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù àti ẹyọ kan ni. Mo ti dé 353."

Stefania wo ìwé máàkì tó wà lórí tábìlì.

Bilyk rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín gidi, ikùn rẹ̀ mì. Ó ní gbogbo ẹni tí òun bá fà jáde nínú odò ló máa ń sọ pé òun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wẹ̀ dé èbúté. Ó fa ìwé máàkì sọ́dọ̀, ó sì ń sọ ohun tó ń kọ jáde bó ṣe ń kọ ọ́: pé olùdánwò kejì tọ́ ọmọ náà sọ́nà.

"Kí ló ṣẹ́kù nígbà tó o fi 97 pín in?" Stefania béèrè kíákíá.

"Mọ́kàndínlọ́gọ́rin," ni ọmọ náà dáhùn. "113 ṣẹ́ márùndínlọ́gbọ̀n kù. 193 ṣẹ́ mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún. 241 tún ṣẹ́ márùndínlọ́gbọ̀n kù, ó yà mí lẹ́nu, mo tún un ṣe. Ìdí nìyẹn tí mo fi pẹ́."

Bilyk fi bíró yẹ̀ wọ́n wò létí ìwé rẹ̀. Stefania ń wo ẹnu bíró náà. Kò sí èyí tí kò tọ̀nà níbẹ̀, kò sì sí ọmọ ènìyàn tó lè ṣe gbogbo ìyẹn lórí láàárín ìgbà tí ìbéèrè atọ́nà jáde lẹ́nu rẹ̀ sí ìgbà tí ọmọ náà yíjú padà. Bilyk náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó sọ bíró kalẹ̀, ó ní ó dùn mọ́ òun, ṣùgbọ́n ìbéèrè atọ́nà ni ìbéèrè atọ́nà ń jẹ́, àti pé ní tábìlì tòun, ẹni tí a bá tọ́ sọ́nà kì í gbà ju mẹ́ta lọ. Ó kọ 3. Ó ti ìwé náà sí iwájú Stefania kó buwọ́ lù ú.

Òfin ibẹ̀ ni pé kí àwọn méjèèjì buwọ́ lùwé lójú ọmọ tó ṣèdánwò, kí ọmọ náà tó jáde. Stefania wo 3 náà. Òun fúnra rẹ̀ ló fi ẹnu ara rẹ̀ kọ ọ́. Ká ní ó ti dákẹ́ díẹ̀ sí i ni. Ó ti ìwé náà padà.

"Mi ò ní buwọ́ lù ú."

Bilyk gbójú sókè. Láti ọdún tí wọ́n ti jọ ń ṣiṣẹ́, ẹ̀yin ni àwọn méjèèjì máa ń pe ara wọn, pẹ̀lú orúkọ bàbá lẹ́yìn orúkọ, bó ṣe yẹ ọmọlúàbí. Ó rọra sọ̀rọ̀ kí ọmọ náà má baà gbọ́.

"Stefania, ṣé orí ẹ pé? Ṣé o ò fẹ́ ilé mọ́ ni?"

Ìyẹn dùn ún ju bí ó ṣe rò lọ, nítorí pé ó ti ń ro ilé náà, kí Bilyk tó dárúkọ rẹ̀. Ó rí ìyá rẹ̀ tó dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná pẹ̀lú ìkòkò ọbẹ̀ bíìtì, tó ń retí kí obìnrin kejì gbé tirẹ̀ kúrò lórí iná. Ó ní kí Rostyslav Denysovych jẹ́ kí ọmọ náà parí ìṣirò rẹ̀, kí wọ́n tó sọ ohun tó tọ́ sí i. Tí wọn kò bá gbà, kí wọ́n lọ wá ẹlòmíràn tí yóò buwọ́ lùwé, òun yóò sì sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá béèrè ìdí tí òun kò fi ṣe é.

Bilyk fẹ̀yìn ti àga, ó sì tún padà sí ẹ̀yin, tútù bí omi inú ìgò.

"Ó dáa, Stefania Makarivna. Ẹ jẹ́ kó parí ẹ̀. Tó bá parí ẹ̀ láìṣì, mo sọ ọ́ di mẹ́rin. Tó bá ṣì lẹ́ẹ̀kan péré, méjì ni, ẹ ó buwọ́ lù ú, ẹ ò sì ní sọ̀rọ̀ ẹ̀ mọ́ láyé yín. Àti pé ẹ ò gbọdọ̀ lanu sí i mọ́."

Stefania gbà. Kí ni ì bá tún ṣe? Bilyk ké sí ọmọ náà pé kó máa bá a lọ, kó kọ ọ́ sójú pátákó báyìí, kó má ṣe é lórí mọ́, kí àwọn lè rí i.

Genya kọ ọ́. Ó ń pín, ó ń yọ, ó ń kọ ohun tó ṣẹ́kù sí apá ọ̀tún, ó ń bọ́ sí èyí tó kàn. 401. 433. 449, tó ṣẹ́ mẹ́rin péré kù, ẹ̀mí Stefania fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lórí ẹ̀. Bilyk náà ń ṣe tirẹ̀ létí ìwé, bíró rẹ̀ ń sáré tẹ̀lé ṣọ́ọ̀kì náà bí ajá tó ń lé ehoro. Ní ibì kan ó tilẹ̀ ṣíwájú ọmọ náà, ó sì ní láti dúró dè é. Pátákó kún. Ọmọ náà fi apá nu apá kan, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Àárẹ̀ ti hàn lára rẹ̀; ó ń gbé ẹsẹ̀ tó fi owó ẹyọ sí nílẹ̀ nígbà gbogbo. Stefania ti fi ọwọ́ kan di ọwọ́ kejì mú lábẹ́ tábìlì. 1601 kọjá. 1777 kọjá. 1873 kọjá. Èyí tó kù kò tó mẹ́wàá.

Ọmọ náà wá kan 1889.

Ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dáadáa. Ó yọ, ó yọ, ó dé ìgbésẹ̀ ìkẹyìn. Ohun tó yẹ kó kọ sí ìlà òkè ni 7563, kó wá yọ 7556 kúrò nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti ṣe 4 lọ́nà 1889 lórí kó tó kọ ọ́, 7556 ti wà lójú rẹ̀, ọwọ́ tó ti rẹ̀ náà sì kọ 7556 sókè, ó tún kọ 7556 sísàlẹ̀. Ó fa ìlà sábẹ́ rẹ̀. Ó dúró. Ó kọ odo.

"1889 pín in," ó wí, bí ẹni tí kò gba ara rẹ̀ gbọ́. "Kò ṣẹ́ nǹkan kan kù."

Ohùn ọkùnrin kan tó ń ra ọtí búrẹ́dì lọ́wọ́ obìnrin tó wà nídìí àgbá lójú pópó wọlé láti ojú fèrèsé, ó ń béèrè bóyá ó tutù. Stefania mọ̀ pé méje ló yẹ kó ṣẹ́kù. Ó mọ̀ ọ́n bó ṣe mọ orúkọ ìyá rẹ̀. Kò gbọdọ̀ lanu. Bí ó bá lanu, ó ti parí fún ọmọ náà; bí kò bá lanu, ó ti parí náà. Bilyk kò nílò ohunkóhun mọ́ báyìí ju kó dákẹ́ kí ọmọ náà sọ ṣọ́ọ̀kì kalẹ̀, nítorí pé ní ilé yẹn, ìdáhùn kì í di ìdáhùn àfi tí ṣọ́ọ̀kì bá kúrò lọ́wọ́. Bíró rẹ̀ ti wà lókè ìwé máàkì, ní ibi tí yóò ti fagi lé 3, kó kọ 2.

Bíró náà kò sọ̀kalẹ̀. Bilyk ń wo pátákó. Ó wo odo náà, ó gbójú kúrò, ó tún wò ó. Ó ń yíra padà lórí àga bí ẹni tí kòkòrò wọ̀ láṣọ. Ọmọ náà na ọwọ́ sí etí pátákó níbi tí wọ́n ń gbé ṣọ́ọ̀kì sí.

"Méje," ni Bilyk wí.

Ọwọ́ Genya dúró létí pátákó, ṣọ́ọ̀kì ṣì wà níbẹ̀.

"Méje ló ṣẹ́kù. Wo ìlà òkè. 7563 ni, kì í ṣe 7556. Ta ló kọ́ ẹ ní pínpín, alápatà ni?"

Genya wo ìlà òkè. Ojú rẹ̀ pọ́n títí dé etí. Ó fi apá aṣọ nu ún, ó kọ 7563, ó yọ ọ́, ó kọ 7 sí ọ̀tún, ó sì bọ́ sí 2017 kíá, bí ẹni tó ń sá kúrò níbi tó ti ṣubú.

Stefania rọra sọ̀rọ̀ débi tó jẹ́ pé òun àti Bilyk nìkan ló gbọ́ ọ.

"Ẹ sọ̀rọ̀, Rostyslav Denysovych."

"Mo gbọ́ ara mi." Ó ti yọ awò ojú rẹ̀, ojú rẹ̀ sì rí bí ti ẹni tí wọ́n bọ́ láṣọ. "Ẹ ò rí i ni? Odo ló fẹ́ kọ. Odo, sábẹ́ nọ́ḿbà yẹn."

Ó sọ ọ́ bí ẹni tó rí ènìyàn tó fẹ́ tutọ́ sínú ọbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló rántí ara rẹ̀. Ó ní síbẹ̀síbẹ̀, ọmọ náà ti ṣì í, àdéhùn sì ni àdéhùn. Stefania ní kò tíì gbé ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀. Bilyk ní ìyẹn kò yí nǹkan kan padà, àṣìṣe wà lójú pátákó.

"Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ nígbà náà," ni Stefania wí. "Ẹ kọ irú àṣìṣe tó jẹ́, kí ẹ sì kọ ẹni tó tún un ṣe. Òfin ni. Wọ́n á ka ìwé yẹn lókè. Wọ́n á rí i pé olórí tábìlì ló la ọmọ Plotkina lójú."

Bilyk tanná ran sìgá, ó gbàgbé láti fà á. Lójú pátákó, 2081 lọ, 2113 lọ, 2129 lọ. Ó tún ti mú bíró, ó tún ti ń bá ọmọ náà pín in létí ìwé. Bóyá òun fúnra rẹ̀ kò tilẹ̀ mọ̀. Nígbà tí Genya dé 2417, tó kọ 1792 sí ọ̀tún, Bilyk ti kọ 1792 tirẹ̀, ó sì ti fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀.

"Kò ṣe é pín," ni ọmọ náà wí. Ó gbé ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀. "Mo ti parí."

Bilyk fagi lé 3, ó kọ 4, ó buwọ́ lù ú. Ó ti ìwé náà sọ́dọ̀ Stefania láìwò ó. Stefania buwọ́ lù ú, orúkọ rẹ̀ sì wọ́ jáde bí ti arúgbó.

Ó bá ọmọ náà dé ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó rò pé ọmọ náà yóò sunkún, tàbí yóò dì mọ́ òun, ó sì ti ń múra ohun tí òun yóò sọ. Genya dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó bọ́ bàtà, ó yọ owó ẹyọ náà kúrò, ó ń fi àtàǹpàkò pa gìgísẹ̀ rẹ̀.

"Kí ló dé tó fi jẹ́ mẹ́rin, mà?" ó béèrè. "Nítorí 1889 ni?"

"Rárá. Nítorí pé mo bi ẹ́ ní ti mẹ́tàdínlógún."

"Ṣùgbọ́n mo ti mọ̀ ọ́n."

"Mo mọ̀."

Ọmọ náà wò ó. Kò sí ìwà àfojúdi nínú ìwò náà. Ó ń gbìyànjú láti yé e ni, bí ó ṣe gbìyànjú kí nọ́ḿbà náà yé e.

"Ẹ bá ti dúró díẹ̀ sí i," ó wí. Ó wọ bàtà rẹ̀, ó kí i pé ó dàbọ̀, ó sì sọ̀kalẹ̀ lọ.

Nígbà tí Stefania padà wọlé, Bilyk ti nu pátákó mọ́ fúnra rẹ̀. Etí aṣọ rẹ̀ funfun fún ṣọ́ọ̀kì. Ó ń wo orúkọ ọmọ tó kàn, ó sì tẹ ìka sí i kí Stefania náà lè rí i. Stefania rí i. Gurvich ni, orúkọ ọmọ Júù mìíràn.

"Ẹ ní òmíràn?" Bilyk béèrè.

"Òmíràn kí ni?"

"Nọ́ḿbà."

Ó ní. Ọ̀kan wà tó rí ní ọdún tí ìyá rẹ̀ ń ṣàìsàn, òmíràn wà tí kò tíì fi han ẹ̀dá alààyè kan. Ìlẹ̀kùn ti ń dún, ẹni tó kàn ti ń kàn án.

"Mi ò ní," ó wí, ó sì jókòó sí àyè rẹ̀.